Òkè tí ìyá wa ń gbà lọ sóko

Ọkun o, ẹ̀yin ará ilé. Orúnkún ṣì ń ro mí bí mo ṣe ń kọ èyí, àmọ́ ọ̀rọ̀ yìí kò lè sùn sí mi nínú.

Ní Sátidé tó kọjá, àwa mẹ́rin gbéra láti ẹ̀yìn Ògìdì ní Ìjùmú, nílẹ̀ Ọkun ní ìpínlẹ̀ Kogí, aago mẹ́fà àárọ̀, nígbà tí ọyẹ́ ṣì bo òkè mọ́lẹ̀. Ilẹ̀ ti ń ṣú ká tó padà wọlé. Bàbá ọdẹ kan tó ti lé ní àádọ́rin ọdún ló ṣíwájú wa, àdá lọ́wọ́. Bí ẹ bá gun òkè kan tán, ẹ ó sọ̀ sínú àfonífojì, òmíràn á tún nàró síwájú yín.

Ẹni tó bá jókòó nínú mọ́tò lójú ọ̀nà Kábà á rò pé àpáta lásán ni wọ́n. Rárá o. Igi ẹmì àti igi irú ló kún ẹ̀gbẹ́ òkè, òdòdó irú pupa rébété, ó ń fì dirodiro bíi bọ́ọ̀lù tí wọ́n fi okùn so kọ́. Nísàlẹ̀, lẹ́bàá odò, igbó gidi ni: igi ga, ilẹ̀ tutù, oòrùn kò ráyè wọlé. Awó ń ké nínú rẹ̀, a kò sì rí ẹyọ kan.

Ní nǹkan bí aago mẹ́wàá, ọ̀nà pòórá mọ́ wa lójú. Koríko ti bò ó. Mo ti ọwọ́ bọ igbó kí n lè la ibi tí mo máa gbà, àfi yèrèpè! Ẹni tí yèrèpè ti gbá mú rí mọ ohun tí mò ń sọ. Mo fẹ́ bu omi sí i, Bàbá ní, “Má fomi kàn án, ọmọ mi, yóò tàn ká ni.” Ó bu eérú níbi tí iná ọdẹ ti jó, ó fi ń ra apá mi díẹ̀díẹ̀ títí tó fi rọlẹ̀. Ìgbà náà ló sọ pé nígbà tí òun wà lọ́mọdé, àwọn obìnrin ti máa ń gba ibẹ̀ kọjá pẹ̀lú ẹrù iṣu kí oòrùn tó yọ. Nísinsìnyí, ọdún kan lè yí po kí ẹnikẹ́ni tó tẹ ibẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yẹn ló ká mi lára jù. Nígbà ogun Nupe, orí òkè ni ọ̀pọ̀ àwọn baba wa sá sí. Lẹ́yìn tí Royal Niger Company, ilé-iṣẹ́ òwò àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ṣẹ́gun Bida, olú ìlú àwọn Nupe, ní 1897 ni ẹ̀rù ogun tó rọlẹ̀, tí àwọn èèyàn sì ń sọ̀ kalẹ̀ wá sí pẹ̀tẹ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Lórí àpáta kan, a bá ojú ibi tí wọ́n ti ń lọ nǹkan. Mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́: ó ń dán, ó jìn gba àtẹ́lẹwọ́ mi láti ìka dé ọrùn ọwọ́. Báwo ni èèyàn ṣe máa lọ ọkà pẹ́ tó kí òkúta tó jẹ bẹ́ẹ̀?

Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ: ajínigbé ńkọ́? Òótọ́ ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà. Àwa náà sọ fún àwọn ọdẹ ìlú ká tó lọ, a kò sì dá rìn. Ṣùgbọ́n igbó tí onílé kò tẹ̀ mọ́, ẹlòmíràn ló ń tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn òkè kejì, a rí kùkùté igi ẹmì méje tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, pẹ̀lú òkìtì tí wọ́n ti sun èédú. Ta ló gé e? Ìgbà wo? Nígbà tá a délé, kò sẹ́ni tó lè dáhùn.

Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún kò tó kọ̀ńtíráàtì. Láti Kábà dé Mọ̀pà, Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ́, gbogbo wa la máa ń wálé Kérésì. Kí ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ mú ọjọ́ kan níbẹ̀, kí wọ́n gbé àdá, kí ọdẹ ṣíwájú, kí á yẹ ọ̀nà orí òkè láti ìlú kan dé ìkejì bí wọ́n ti ń yẹ̀ ẹ́ tẹ́lẹ̀. Kí á mú àwọn ọmọ dání. Kí àgbà máa dárúkọ àpáta àti odò fún wọn bí wọ́n ṣe ń lọ, torí Bàbá yìí nìkan ló mọ èyí tó pọ̀ jù nínú orúkọ tí mo gbọ́ lọ́jọ́ yẹn.

Omi wa tán ní aago kan ọ̀sán. Bàbá yà sábẹ́ àpáta ńlá kan, ó ṣí ewé gbígbẹ kúrò, omi tútù ń sun lábẹ́ rẹ̀ nínú ọ̀gbẹlẹ̀. A mu, a tún rọ sínú kẹ́ẹ̀gì.

Lálẹ́, mo fi fọ́tò àpáta náà han ìyá mi lórí fóònù. Ó ti tó ogójì ọdún tó ti débẹ̀ gbẹ̀yìn. Ó gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó sún un mọ́ ojú, ó dárúkọ àpáta náà kí n tó lanu. Ó ní ibẹ̀ ni ìyá òun ti máa ń sọ ẹrù kalẹ̀ sinmi.

Ó wá bi mí pé: “Ṣé omi abẹ́ rẹ̀ ṣì ń sun?”

Mo ní, “Ó ń sun, Màámi. A mu níbẹ̀.”