Ṣé títì la tún fẹ́ fẹ̀ ni?

Sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ Ọláìyá yìí ti tó gẹ́ẹ́! Wọ́n ti gbé afárá sókè níbẹ̀, ìsàlẹ̀ ṣì ń dí, wọ́n á tún ní kí á fẹ títì. Kòrópe àti takisí kò ní ibùdókọ̀ tó yà kúrò lójú ọ̀nà. Àárín títì ni wọ́n ti ń já èrò sílẹ̀. Bí ẹ bá fẹ̀ ẹ́, ibi tí ẹ fẹ̀ náà ni wọ́n á dúró sí!

Takisí 10 tó gbé èèyàn mẹ́rin-mẹ́rin ló ń kó èrò 40. Bọ́ọ̀sì ńlá kan, tó gùn tó mítà 12, á kó gbogbo wọn láti Ọjà-Ọba dé Ògo-Olúwa, ààyè takisí mẹ́ta péré ló máa gbà. Òun là ń bèèrè, kó máa gbéra lásìkò, kó má dúró dìgbà tó bá kún!