Ẹ Ṣí Yàrá CBT Sílẹ̀ fún Àwọn Tó Ń Kọ́ Ààbò Kọ̀ǹpútà

Lọ́dọọdún tí JAMB bá ti parí ìdánwò UTME, kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n ń yí mọ́ ọ̀pọ̀ yàrá CBT, ìyẹn yàrá tí wọ́n ti ń fi kọ̀ǹpútà ṣèdánwò, tó wà ní Ogbómọ̀ṣọ́ àti ní ìlú Ọ̀yọ́. Kí JAMB tó fọwọ́ sí ibùdó ìdánwò kan, ibùdó náà gbọ́dọ̀ ní kọ̀ǹpútà tí kò dín ní 250, tí gbogbo wọn so mọ́ra, kó sì ní jẹnẹrétọ̀ tí yóò gbé wọn bí wọ́n bá mú iná lọ. Owó ńlá ló bá irú ilé bẹ́ẹ̀ lọ. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ oṣù ni eruku fi ń bo àwọn ẹ̀rọ náà mọ́lẹ̀. Nínú ìlú kan náà, àwọn ọ̀dọ́ wà tí wọ́n forúkọ sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n ń kọ́ nípa operating system àti ààbò kọ̀ǹpútà, àmọ́ tí wọn ò ní ẹ̀rọ tó lè gbé iṣẹ́ náà, tí wọn ò sì rí iná tó dúró. Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún ò ṣòro lóye: kí wọ́n ṣí àwọn yàrá wọ̀nyẹn fún wọn nírọ̀lẹ́ àti ní òpin ọ̀sẹ̀.

Àwọn òbí kan ṣì rò pé ọmọ tó bá ní òun ń kọ́ kọ̀ǹpútà, ìwé títẹ̀ ló ń kọ́. Ẹ̀kọ́ yìí jìn ju ìyẹn lọ. Operating system ni ètò tó ń darí gbogbo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀rọ. Windows jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Linux, tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ ní 1991 nígbà tó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Helsinki, jẹ́ òmíràn. Orí Linux yìí náà sì ni wọ́n kọ́ Android lé, èyí tó wà nínú èyí tó pọ̀ jù nínú fóònù táwọn èèyàn ń tẹ̀ kiri Tákíè ní Ogbómọ̀ṣọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ dà bíi ti Ìyálọ́jà: òun ló ń pín ààyè fún oníkálukú, òun ló ń sọ ẹni tó kàn, òun náà ni kì í jẹ́ kí ẹnì kan na ọwọ́ sínú igbá ẹlòmíì. Ibi tí kò bá ti rójú ṣọ́ igbá wọ̀nyẹn ni olè máa ń bá wọlé. Ẹni tí kò bá tíì mọ bí ètò yìí ṣe ń ṣiṣẹ́ kò lè dáàbò bò ó, ìyẹn ló fi yẹ kí ẹ̀kọ́ méjèèjì jọ máa rìn.

Kò sẹ́ni tó lè fi fídíò wíwò nìkan mọ̀ ọ́n. Olùkọ́ lè ṣàlàyé títí ilẹ̀ á fi ṣú, ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ ló máa kọ́ ọ. Wọ́n á ní kó gbé virtual machine, ìyẹn kọ̀ǹpútà àfarawé tó ń gbé inú kọ̀ǹpútà gidi, kalẹ̀ sínú láptọ́ọ̀pù rẹ̀. Wọ́n á ní kó fi Linux sí i, kó dá orúkọ èèyàn méjì sílẹ̀ lórí rẹ̀, kó wá wò ó bóyá ẹnì kejì lè ka fáìlì ẹni àkọ́kọ́. Tó bá tẹ àṣẹ ls -l, yóò rí àmì bíi -rw-r--r-- níwájú orúkọ fáìlì náà. Lẹ́yìn àmì àkọ́kọ́, mẹ́ta tó tẹ̀ lé e ń sọ ohun tí ẹni tó ni fáìlì lè ṣe sí i, mẹ́ta mìíràn jẹ́ ti ẹgbẹ́ rẹ̀, mẹ́ta tó kẹ́yìn jẹ́ ti gbogbo ayé. Lẹ́tà r tó wà nínú mẹ́ta tó kẹ́yìn yẹn túmọ̀ sí pé ẹnikẹ́ni tó bá wọlé sórí ẹ̀rọ náà lè ka fáìlì ọ̀hún. Tó bá wá tẹ chmod 600 pẹ̀lú orúkọ fáìlì, àyè ti dí mọ́ gbogbo èèyàn, àfi òun àti ọ̀gá ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní root. Kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é kò ní gbàgbé, àmọ́ ẹni tó kàn wò ó lórí fóònù á ti gbàgbé kó tó di ọjọ́ ìdánwò.

Ẹ wá wo akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí nínú yàrá rẹ̀ ní Under G, àdúgbò kan ní Ogbómọ̀ṣọ́. Láptọ́ọ̀pù àlòkù ló ní, mẹ́mọ̀rì rẹ̀ kò ju gígábáìtì 4 lọ, Windows nìkan sì ti gba èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀. Bó ṣe ń ṣí virtual machine báyìí, ojú ẹ̀rọ á dì, fáànù inú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Bó ṣe ń dúró kó ṣí, wọ́n á mú iná lọ, bátìrì tó ti gbó náà kò sì ní gbé e jìnnà. Fáìlì Ubuntu, ìyẹn irú Linux kan, tó nílò lé ní gígábáìtì 5. Dátà òru ló máa fi fà á sílẹ̀, torí apá rẹ̀ kò ká ti ọ̀sán, pàápàá láti oṣù Kìíní 2025 tí NCC, àjọ tó ń mójú tó àwọn iléeṣẹ́ fóònù, ti fọwọ́ sí i pé kí wọ́n fi owó kún owó ìpè àti dátà, tó lè tó ìdá 50 nínú 100. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já láàárín òru, àfàìmọ̀ kó má tún un bẹ̀rẹ̀. Bó bá sì jẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì Amẹ́ríkà ló ń kọ́ ọ, aago tiwọn ni wọ́n fi ń gba iṣẹ́: aago 12 òru ní New York, ìdájí aago 5 tàbí 6 ló jẹ́ níbí. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọ̀lẹ, orí rẹ̀ sì pé. Ẹ̀rọ àti iná ló ń dá a dúró, ìlú tó ń gbé sì ní méjèèjì nínú ilé tó tì pa.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nìkan. Ẹ gbé fláàṣì lọ sí ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tẹ̀wé ní ẹ̀bá ilé-ìwé, bẹ́ ẹ bá fi máa dé ilé, fáírọ́ọ̀sì ti sọ gbogbo fáìlì inú rẹ̀ di ṣọ́ọ́tìkọ́ọ̀tì tí kò ṣeé ṣí. Windows tí wọ́n dà kọ láti ọwọ́ ẹnì kan sí ẹlòmíì ló wà lórí púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ náà, wọ́n sì ti pa àtúnṣe rẹ̀ kó má baà máa jẹ dátà. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù fi ń kọ ìwé owó, tí àwọn ilé ìwòsàn kéékèèké fi ń tọ́jú orúkọ aláìsàn. Irú àìfi-àtúnṣe-sí bẹ́ẹ̀ ti pa àwọn tó jù wá lọ lára. Ní oṣù Kẹta 2017, Microsoft gbé àtúnṣe jáde láti dí ihò kan nínú Windows. Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ò fi sí i. Ní ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún ọdún náà, WannaCry, ètò aṣeniléṣe kan, gba inú ihò yẹn wọlé, ó ti àwọn èèyàn mọ́ta fáìlì wọn, ó sì ń béèrè owó ìtúsílẹ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè tó lé ní 100. Àwọn ilé ìwòsàn ní Ìlú Ọba fagi lé àdéhùn àwọn aláìsàn, wọ́n sì ń darí ọkọ̀ pàjáwìrì gba ibòmíì. Láti ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá 2025, Microsoft ti dáwọ́ àtúnṣe ọ̀fẹ́ tó ń bá Windows 10 wá fún gbogbo ayé dúró. Mélòó nínú ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ wa ló ní ẹni tó lè sọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí fún wọn?

A mọ̀ pé àwọn kan á ní, ṣé kì í ṣe Yahoo la fẹ́ máa kọ́ àwọn ọmọ báyìí? Ìbẹ̀rù wọn ní ìdí, torí ojú wa ló ń ṣe níbi tí à ń gbé. Àmọ́ irọ́ ni ọmọ Yahoo ń tà. Orúkọ ẹlòmíì àti fọ́tò ẹlòmíì ló fi ń ṣiṣẹ́, kò nílò kó mọ bí operating system ṣe ń pín mẹ́mọ̀rì. Ẹ̀kọ́ ààbò ló ń kọ́ èèyàn láti dá irú irọ́ bẹ́ẹ̀ mọ̀ kí ó tó jẹ owó ìyá ẹni tán. Àwọn baba wa ní olè ló ń mọ ẹsẹ̀ olè tọ̀ lórí àpáta. Nínú kíláàsì, akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ́ ipa ẹsẹ̀ náà láìjalè, lórí ẹ̀rọ tí wọ́n gbé kalẹ̀ fún ìdánrawò nìkan, wọ́n sì ń kọ́ ọ ní òfin mọ́ ọn. Lábẹ́ òfin ìwà ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà tí Nàìjíríà ṣe ní 2015, ẹ̀wọ̀n ń bẹ fún ẹni tó bá wọ ẹ̀rọ oníǹkan láìgbàṣẹ.

Ẹ sì gbọ́ ìtàn Robert Tappan Morris. Ní oṣù Kọkànlá 1988, nígbà tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Cornell, ó tú ètò kan sórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń da ara rẹ̀ kọ láti ẹ̀rọ kan dé òmíràn. Wọ́n fojú bù ú pé nǹkan bíi 6,000 kọ̀ǹpútà ló kọlù. Ilé ẹjọ́ dá a lẹ́bi, wọ́n fi í sábẹ́ ìṣọ́ fún ọdún 3, wọ́n ní kó ṣe iṣẹ́ ìlú fún wákàtí 400, kó sì san owó ìtanràn tó lé ní 10,000 dọ́là. Nígbà tó yá, ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní MIT, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọ ní operating system níbẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni xv6, ètò kékeré tí òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ń kọ́ni, lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọmọ Ogbómọ̀ṣọ́ lè fà á sílẹ̀ lónìí. Àwọn tó bá a wí ò ti ilẹ̀kùn ìmọ̀ mọ́ ọn, wọ́n fìyà jẹ ẹ̀ṣẹ̀, wọ́n sì fi ìmọ̀ náà tún ìlú ṣe. Nílẹ̀ tiwa, ọmọ tó bá gbé láptọ́ọ̀pù kọjá níwájú ọlọ́pàá lójú ọ̀nà ti di afurasí kó tó lanu. Ìyẹn gan-an wà lára ìdí tó fi yẹ kí ibi tí wọ́n ti ń kẹ́kọ̀ọ́ jẹ́ gbangba, tí orúkọ wọn wà nínú ìwé, tí alámòójútó wà pẹ̀lú wọn.

Àwọn tó ni yàrá CBT lè máa bẹ̀rù pé àwọn ọmọ á ba ẹ̀rọ ìdánwò jẹ́. Ọ̀nà wà. Linux lè ti orí fláàṣì ṣiṣẹ́ láìfọwọ́ kan ohunkóhun lórí ẹ̀rọ náà. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá yọ fláàṣì, Windows á bá ara rẹ̀ bó ṣe wà. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni yóò fa Ubuntu àti xv6 sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn yòókù á dà á kọ láti ara rẹ̀ nínú yàrá náà, láìná dátà kankan mọ́. Ìdánrawò ààbò kò sì gbọ́dọ̀ jáde kúrò nínú yàrá: kí wọ́n já okùn íntánẹ́ẹ̀tì lásìkò tí wọ́n bá ń ṣe é. Kí akẹ́kọ̀ọ́ san owó díẹ̀ fún wákàtí kọ̀ọ̀kan, èyí tí yóò ran epo jẹnẹrétọ̀ lọ́wọ́. Ó sàn fún ẹni tó ni ilé náà ju kó máa ti ilẹ̀kùn mọ́ eruku.

LAUTECH, yunifásítì tó wà ní Ogbómọ̀ṣọ́, ló yẹ kó kọ́kọ́ gbé ẹsẹ̀. Láti 2020 tí Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun ti pín gààrí lórí ilé-ìwé náà, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ nìkan ló ni ín, nítorí náà kò sí ẹni tí gómìnà tún ní láti gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tó wà ní Ogbómọ̀ṣọ́ àti ní Ọ̀yọ́ lè san owó alámòójútó. Àwọn ọmọ ìlú tó wà lẹ́yìn odi, tí wọ́n ń béèrè ohun tí àwọn lè fi ta ilé lọ́rẹ, lè ra bátìrì sólà. Kí wọ́n fi yàrá kan bẹ̀rẹ̀, láti aago 4 ìrọ̀lẹ́ sí aago 8 alẹ́, kí àwọn ọmọbìnrin lè rí ọ̀kadà gbé délé kí títì tó dá. Ní Sátidé, kí ó ṣí láti àárọ̀. Kí wọ́n lẹ orúkọ ibùdó náà àti iye owó rẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà ọgbà LAUTECH, mọ́ Tákíè àti mọ́ ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́, kí wọ́n sì ti ṣe é kí ìforúkọsílẹ̀ UTME tó ń bọ̀ tó bẹ̀rẹ̀.