Ẹ̀yin Ọ̀dọ́ Ẹnjiníà Tó Fẹ́ Jápa, Ẹ Gbọ́ Tẹnu Mi Kí Ẹ Tó Ra Tíkẹ́ẹ̀tì

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ kàwé mechanical engineering, tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde tàbí tí ẹ ti ṣiṣẹ́ ọdún kan sí méjì, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ìbéèrè kan náà ni ẹ máa ń kọ ránṣẹ́ sí mi: "Ẹ̀gbọ́n, orílẹ̀-èdè wo ló dára jù fún ẹnjiníà?" Bí mo bá bi yín pé irú ẹnjiníà wo, ẹ ó ní mechanical. Mo tún máa ń béèrè pé, mo gbọ́, mechanical wo nínú mechanical? Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ máa ń dákẹ́ sí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ lèmi náà dákẹ́ nígbà tí mò ń palẹ̀ mọ́, ohun tí ìdákẹ́jẹ́ yẹn fi ojú mi rí ló jẹ́ kí n jókòó kọ èyí.

Ohun tó gbé mi wá sí Kánádà ni pé mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ fi iṣẹ́ yìí ṣe. Mi ò jẹ́wọ́ rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni nígbà yẹn. Mo ní mo fẹ́ lọ kàwé sí i ni. Mo ti lo bí ọdún kan ààbọ̀ nídìí àtúnṣe pọ́ǹpù ní ilé-iṣẹ́ kan. Gírísì wà lọ́wọ́, ariwo wà létí, lójú mi sì rèé, iṣẹ́ ẹni tó gba dìgírì kọ́ nìyẹn. Mo rò pé bí mo bá ti dé òkè òkun, iṣẹ́ gidi á fúnra rẹ̀ wá mi wá, ọkàn mi á sì balẹ̀. Iyèméjì yẹn bá mi wọ bàálù, ó sì bá mi sọ̀kalẹ̀.

Nílé-ìwé, wọ́n sọ fún wa pé mechanical gbòòrò, pé kò síbi tí a ò lè wọ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ka ìpolówó iṣẹ́ níbí, kò sẹ́ni tó ń wá ẹnjiníà tó gbòòrò. Ẹnìkan ń wá ẹni tó mọ bí a ṣe ń ṣètò afẹ́fẹ́ fún ilé ìwòsàn. Ẹlòmíì ń wá ẹni tó ń ṣe mold tí wọ́n fi ń da ike. Òmíràn fẹ́ ẹni tó ti fi CATIA, ètò kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n fi ń yàwòrán ẹ̀rọ, ya ara mọ́tò fún ọdún méjì. Bó bá jẹ́ SolidWorks, irú ètò bẹ́ẹ̀ mìíràn, lo mọ̀, wọn ò ní dá ọ lóhùn. Èmi ń to orúkọ àwọn ẹ̀kọ́ bíi thermodynamics, fluid mechanics àti strength of materials sínú CV mi, nítorí mi ò rí ohun mìíràn tí mo rò pé ó tó kọ. Ọdún kan ààbọ̀ nídìí pọ́ǹpù? Mo ti yọ ọ́ kúrò. Ojú ń tì mí.

Mo fi CV yẹn ránṣẹ́ sí ibi tó lé ní igba. Mẹ́rin ló pè mí.

Mi ò lè gbàgbé ẹlẹ́ẹ̀kejì. Ọkùnrin tó ń bi mí léèrè ọ̀rọ̀ gbé drawing kan síwájú mi: irin pẹlẹbẹ tí wọ́n tẹ̀ bíi lẹ́tà L, ihò méjì wà ní ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo. Ó ní kí n fi ọwọ́ júwe bí irin náà ṣe máa rí bí wọ́n bá ṣe é tán, kí n sọ ẹ̀gbẹ́ tí ihò á wà. Mo nàka sí òsì. Ọ̀tún ni. First angle ni wọ́n fi kọ́ mi, níbi tí wọ́n ti máa ń ya ohun tí wọ́n rí láti apá ọ̀tún sí apá òsì ìwé. Third angle ni wọ́n ń lò ní Kánádà àti Amẹ́ríkà. Ohun tí wọ́n rí láti ọ̀tún, ọ̀tún náà ni wọ́n ń yà á sí. Àmì kékeré kan wà nísàlẹ̀ ìwé tó ń sọ èyí tó jẹ́, ó dà bíi kóònù tí wọ́n gé lórí. Mi ò tiẹ̀ wo ibẹ̀. Ọkùnrin náà rọra fa ìwé náà sọ́dọ̀, ó ní, "Ká ní o ti fi èyí ránṣẹ́ sí àwọn tó ń gé irin, òdìkejì ohun tí a fẹ́ ni wọn ì bá gé fún wa, bí ìgbà téèyàn wo dígí."

Ẹ̀yin ará mi, mo mọ first angle àti third angle bí ẹni mowó. Mo gba máàkì tó dára nínú rẹ̀. Ohun tí mi ò tíì ṣe rí ni kí n ya nǹkan, kí ẹlòmíì fi gé irin, kí irin náà sì padà wá bá mi kí n rí àṣìṣe mi lára rẹ̀. Ìyẹn ni wọ́n ń wá, kò sì sí nínú dìgírì.

Ní gbogbo àkókò yìí, agogo físà ń lù. Ìwé àṣẹ iṣẹ́ tí Kánádà ń fún ẹni tó kàwé jáde níbí kì í ju ọdún mẹ́ta lọ, ẹ̀ẹ̀kan péré léèyàn sì lè gbà á láyé. Ilé tí mò ń gbé fẹ́ owó, mo wọ warehouse lọ máa gbé ẹrù. Iṣẹ́ ọmọlúàbí ni, mi ò kẹ́gàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi rèé: ìjọba ibí pín iṣẹ́ sí ipele gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ tí iṣẹ́ náà ń béèrè, láti TEER 0 dé TEER 5. Bí ẹ bá fẹ́ gba ìwé ìgbélùú nípasẹ̀ Canadian Experience Class, ọ̀nà tó wà fún ẹni tó ti ṣiṣẹ́ ní Kánádà, ẹ gbọ́dọ̀ ní ọdún kan, ìyẹn wákàtí 1,560, nínú iṣẹ́ tó wà láàárín TEER 0 sí 3. Ẹni tó ń gbé ẹrù wà ní TEER 5. Mo lo oṣù 14 nínú oṣù 36 mi níbẹ̀, kò sì sí wákàtí kan nínú rẹ̀ tí wọ́n kà fún mi.

Agogo yìí wà níbi gbogbo. Ní Amẹ́ríkà, akẹ́kọ̀ọ́ tó bá jáde ń gba oṣù 12 láti fi ṣiṣẹ́, ẹni tó bá kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ lè gba oṣù 24 sí i, ṣùgbọ́n láàárín oṣù 12 àkọ́kọ́ yẹn kò gbọ́dọ̀ wà láìníṣẹ́ ju 90 ọjọ́ lọ. Lẹ́yìn èyí ló kan físà iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní H-1B, tí àyè tó wà fún àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni kò ju 85,000 lọ lọ́dún kan, bẹ́ẹ̀ gbogbo ayé ló ń du ú. Ẹni tó bá sì fọkàn sí ọkọ̀ òfuurufú ológun tàbí rọ́kẹ́ẹ̀tì, kó mọ̀ pé òfin Amẹ́ríkà lórí ohun ìjà, tí wọ́n ń pè ní ITAR, ń mú kí ọ̀pọ̀ irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ gba ọmọ onílùú àti ẹni tó ti ní green card, kí wọ́n sì ti ẹni tó wá pẹ̀lú físà sẹ́yìn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọdún méjì tí wọ́n ń fún ẹni tó jáde yóò di oṣù 18 fún ẹni tó bá tọrọ rẹ̀ láti ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 2027. Ní Jámánì, oṣù 18 ni wọ́n ń fún yín láti fi wá iṣẹ́, ẹ ó sì nílò èdè Jámánì gidigidi, nítorí àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe kì í sábà bára wọn sọ Gẹ̀ẹ́sì nídìí ẹ̀rọ. Kò sí èyí tó fún yín láàyè láti dé tán kí ẹ tó máa ronú ohun tí ẹ fẹ́ jẹ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ mi ti yí padà nìyí. Lálẹ́ ọjọ́ kan, conveyor tó ń gbé ẹrù bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Bàbá kan tó ń tún ẹ̀rọ ṣe níbẹ̀ ń wá ibi tí ariwo náà ti ń jáde. Mo gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ilé bearing kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ohun tó ń jẹ́ kí ọ̀pá ẹ̀rọ yí geere, mo sọ fún un pé ẹlẹ́ẹ̀kẹta ni, ó gbóná ju àwọn yòókù lọ, ó sì ń gbọ̀n. Ó tú u, bẹ́ẹ̀ ló rí. Ó wò mí fún ìgbà díẹ̀, ó ní, "Níbo lo ti kọ́ èyí?" Mo ní nídìí pọ́ǹpù ni. Ó ní, "Ṣé ó wà nínú CV rẹ?" Mi ò lè dá a lóhùn.

Mo tún CV náà kọ lálẹ́ ọjọ́ yẹn kí n tó sùn. Mo gbé pọ́ǹpù sókè pátápátá, mo kọ irú pọ́ǹpù, ohun tó ń bàjẹ́ lára wọn, iye tí a tú palẹ̀, bí a ṣe ń to ọ̀pá pọ́ǹpù àti ti mọ́tò kí wọ́n bára mu. Mo ṣíwọ́ wíwá iṣẹ́ ẹnjiníà nìkan, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá iṣẹ́ technician àti technologist, nítorí TEER 2 làwọn yẹn, wọ́n ń kà á. Nínú interview tó gbà mí wọlé, wọ́n ní pọ́ǹpù kan ń dún bíi pé òkúta wà nínú rẹ̀, kí ni mo máa kọ́kọ́ ṣe? Mo ní kí wọ́n má tíì tú u. Kí wọ́n lọ wo ibi tó ti ń fa omi: bóyá asẹ́ ti dí, bóyá fáàfù ò ṣí tán, bóyá omi inú táǹkì ti lọ sílẹ̀. Bí agbára omi bá lọ sílẹ̀ jù lẹ́nu ibẹ̀, omi á bẹ̀rẹ̀ sí í hó láìsí iná, àwọn nǹkan bíi bọ́ọ̀lù afẹ́fẹ́ wẹ́wẹ́ á máa bẹ́ lára impeller, ìyẹn abẹ̀bẹ̀ inú pọ́ǹpù tó ń ti omi, wọ́n á sì máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo dáhùn ìbéèrè níbí láìfi àkọ́sórí ṣe é.

Nítorí náà, mi ò ní kẹ́ ẹ má wá. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún ni pé kí ẹ má fi ìrìn-àjò ṣe oògùn iyèméjì. Ẹ yan ẹ̀ka kan fún ọdún méjì péré; ẹ lè kúrò níbẹ̀ tó bá yá. Ẹ wà níbi tí ohun tí ẹ yà tàbí tí ẹ tún ṣe yóò ti padà wá bá yín lójú. Ẹ máa kọ ohun tí ẹ ń ṣe sílẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ àti orúkọ ẹ̀rọ. Ẹ má sì fi ìjà kúrò lọ́dọ̀ ọ̀gá yín. Ní ìpínlẹ̀ Ontario tí mo wà, kò sẹ́ni tó lè máa pe ara rẹ̀ ní P.Eng., ìyẹn ẹnjiníà tó ní àṣẹ, láìgba ìwé àṣẹ, oṣù 48 ìrírí iṣẹ́ ni wọ́n sì ń béèrè. Tẹ́lẹ̀, 12 nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ inú Kánádà. Wọ́n ti yọ ìyẹn kúrò láti ọdún 2023. Ìrírí tí ẹ ní nílé lè wọlé báyìí, bí ẹni tó mọ iṣẹ́ náà dájú bá jẹ́rìí sí i. Ọ̀gá tí mo fi sílẹ̀ láìdágbére, òun ni mo padà kọ̀wé bẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́rin. Ọlọ́run ṣe é, ó dáhùn.

Bí ẹ bá tún fẹ́ kọ̀wé sí mi, ẹ fi ọ̀rọ̀ orílẹ̀-èdè sílẹ̀ ná. Ẹ sọ ẹ̀rọ kan tí ẹ ti fọwọ́ ara yín tú rí fún mi, ohun tó bàjẹ́ lára rẹ̀ àti ohun tí ẹ ṣe sí i. Ibẹ̀ la ó ti bẹ̀rẹ̀.