Bretagne kì í ṣe ìlú ọba

Àwòrán abúlé Locronan ní Bretagne tí ẹ ń pín kiri dára gan-an. Ọ̀rọ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni kò rí bẹ́ẹ̀: pé físà ìlú ọba tó láti dé Bretagne.

Ilẹ̀ Faransé ni Bretagne wà, níhà ìwọ̀-oòrùn. Físà Schengen, ìyẹn físà tí Faransé àti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù jọ ń lò, ni arìnrìn-àjò tó ní páspọ́ọ̀tù Nàìjíríà nìkan nílò, ì báà jẹ́ London ló ń gbé.

Orúkọ ló jọra. Àwọn ará Bìrìtéènì àtijọ́ ló sọdá òkun lọ tẹ̀dó síbẹ̀ ní nǹkan bí ọ̀rúndún 5 sí 6, wọ́n sì gbé orúkọ ilé dání. Òun ni Faransé fi ń pe Bìrìtéènì ní Grande-Bretagne, ìyẹn Bretagne Ńlá. Èdè wọn ṣì wà lára pátákó ojú títì: Quimper lédè Faransé, Kemper lédè Breton.

Lóòótọ́, ọkọ̀ ojú omi ń gbéra láti Plymouth ní ìlú ọba lọ sí Roscoff ní Bretagne (ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun ló fa àṣìṣe yìí), àmọ́ wọ́n á yẹ páspọ́ọ̀tù àti físà yín wò.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lórí france-visas.gouv.fr, ìkànnì ìjọba Faransé, kí ẹ tó sanwó ọkọ̀.