Orúnkún Mi Ti Bó ní Eastbourne

Ẹ bá mi kí orúnkún mi kú iṣẹ́ o. Ìyá mi, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, ló kọ́ mi pé n kò gbọdọ̀ rí àgbà kí n má kúnlẹ̀. Kò mọ̀ pé màá wá ṣiṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ní Eastbourne, ìlú etí òkun kan ní gúúsù Ìlú Ọba. Ẹ ju òkúta síta níbí, orí bàbá àgbà ni yóò bà. Àwọn tó fẹ̀yìn tì ní London á ta ilé, wọ́n á wá síbí wá máa wo omi.

Lọ́jọ́ tí mo dé, láti ibùdókọ̀ ojú irin dé etí òkun, ẹ̀ẹ̀mẹ́rìndínlógún ni mo kúnlẹ̀. Bàbá kan rò pé nǹkan mi ló jábọ́, lòun náà bá bẹ̀rẹ̀, ó ń bá mi wá a. Ẹ̀yìn bàbá há síbẹ̀. Èmi ni mo gbé wọn dìde.

Níbi iṣẹ́, màmá ẹni ọdún 91 ní kí n máa pe òun ní Margaret. Margaret ṣákálá! Ahọ́n mi kọ̀. Mo ní "Mọ́mì Margaret", wọ́n ní àwọn kò bí mi. Mo ní "Màmá Àgbà", wọ́n ní ta ló dàgbà? Báyìí, mo kàn máa ń wúkọ́ kí n tó sọ̀rọ̀ ni.

Àwọn ará Eastbourne ní afárá kan tó wọ inú òkun lọ. Mo bi wọ́n pé ibo ló já sí. Wọ́n ní kò já síbì kankan, èèyàn á kàn rìn dé ìparí rẹ̀, á jẹ áísìkiriìmù, á padà. Ọdún 1870 ni wọ́n ti ṣí i. Iná jó o ní 2014, wọ́n sì tún un ṣe! Èmi tí mo ti lo wákàtí mẹ́ta lórí Third Mainland, tó jẹ́ pé ó níbi tó ń lọ.

Etí òkun náà, òkúta ni, bíi gàrì tí wọn kò sẹ́, orí rẹ̀ ni wọ́n sì ń sùn sí. Mo jókòó tèmi, mo ń jẹ ọ̀dùnkún díndín. Mo rí ẹyẹ funfun kan, mo rántí lékeléke, mo na èékánná sí i bí a ti ń ṣe ní kékeré. Ẹyẹ kò wo èékánná. Ọ̀dùnkún ló gbé, ó tún padà wá gbé ẹja.

Mo wá ní kí n gun Beachy Head, òkè tó wà létí ìlú. Ẹfun ni látòkè délẹ̀, mítà 162. Ìyá mi rí fọ́tò rẹ̀ lórí WhatsApp, wọ́n ní ṣé àwọn òyìnbó náà ń bọ Ọbàtálá ni. N kò tíì dé ìdajì tí ẹsẹ̀ fi yẹ̀ lábẹ́ mi. Màmá kan tó ti lé ní 80 ọdún, ọ̀pá lọ́wọ́, ajá níwájú, kọjá mi fìrì. Wọ́n bojú wẹ̀yìn, wọ́n rí mi lórí orúnkún, wọ́n ní kí ló jábọ́ lọ́wọ́ mi.

Mo ní, "Èémí ni, mà."