Ẹ Gbé Ìwé Máàkì Síta

Ohun tí a fẹ́ kò le. Kí gbogbo ilé ìwé ìṣègùn ní Nàìjíríà tí owó ará ìlú ń gbọ́ bùkátà rẹ̀ máa tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dọọdún: obìnrin mélòó ló wá, ọkùnrin mélòó ló wá, mélòó ló wọlé nínú wọn, máàkì wo ni oníkálukú sì fi wọlé. Kí àwọn ọsibítù tó ń gba dókítà sí rẹ́sídẹ́ńsì, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ abẹ, iṣẹ́ egungun, iṣẹ́ ọkàn àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, ṣe bákan náà. A mọ̀ pé àwọn kan á ní kí ló kàn wá níbẹ̀, ṣebí obìnrin kún kíláàsì ìṣègùn báyìí. Wọ́n kún ibẹ̀ lóòótọ́. Wọ́n wà níbẹ̀ ní Japan náà.

Oṣù kẹjọ ọdún 2018 ni àṣírí tú níbẹ̀ pé Yunifásítì Ìṣègùn Tokyo ti ń fi ọwọ́ kọ̀rọ̀ gé máàkì àwọn obìnrin tó ń ṣe ìdánwò àbáwọlé, ó sì ti ń lọ bẹ́ẹ̀ láti ọdún 2006. Wọn ò kọ ọ́ sí géètì pé obìnrin ò gbọdọ̀ wọlé. Wọ́n ta fọ́ọ̀mù fún wọn, wọ́n gbowó ìdánwò, wọ́n fún wọn ní ìjókòó. Ìgbà tí ìwé ìdánwò bá ti dé iwájú àwọn tó ń ka máàkì ni iṣẹ́ ibi ń bẹ̀rẹ̀: wọ́n á dín máàkì gbogbo ènìyàn kù, wọ́n á wá fi èénì sórí ti ọ̀pọ̀ ọmọkùnrin. Ọmọbìnrin tó ti jókòó kàwé mọ́jú á rí i pé orúkọ òun kò jáde, á sì gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé òun ni òun ò mọ̀wé tó.

Kí ni wọ́n fi gbèjà ara wọn? Pé obìnrin a máa lọ́kọ, a máa bímọ, a sì máa fi iṣẹ́ sílẹ̀. Nígbà tí ìjọba Japan tú ìwé àwọn ilé ìwé ìṣègùn mọ́kànlélọ́gọ́rin tó wà nílẹ̀ náà wò, wọ́n rí òmíràn tó ń ṣe irú rẹ̀. Yunifásítì Juntendo tiẹ̀ ní ọmọbìnrin mọ ọ̀rọ̀ sọ ju ọmọkùnrin lọ nígbà ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, nítorí náà ó yẹ kí àwọn gbé òdiwọ̀n tiwọn ga sí i. Ẹ gbọ́ ná: ó mọ̀ ọ́n sọ, ìyẹn ló fi yẹ kó fìdí rẹmi! Lọ́dún 2022, ilé ẹjọ́ ní kí àwọn yunifásítì méjèèjì sanwó ìtanràn fún àwọn obìnrin tó pè wọ́n lẹ́jọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dùn wá jù ni bí àṣírí ṣe tú. Kì í ṣe obìnrin kankan ló fura. Ẹ̀sùn rìbá ni wọ́n ń wádìí, wọ́n ní ọ̀gá kan ní ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ètò ẹ̀kọ́ ti wá ọ̀nà ẹ̀yìn fún ọmọ rẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti já lu èyí. Bí kò bá sí ti rìbá yẹn, wọn ì bá ṣì máa gé e lọ.

Ẹ wá fi wé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Edinburgh lórílẹ̀-èdè Scotland, ní ohun tó lé ní ogóje ọdún ṣáájú ìgbà náà. Lọ́dún 1869, Sophia Jex-Blake àti àwọn obìnrin mìíràn tí wọ́n di méje wọ yunifásítì ibẹ̀ láti kọ́ṣẹ́ dókítà. Wọ́n gbà wọ́n, àmọ́ wọ́n ní wọn ò gbọdọ̀ jókòó pọ̀ mọ́ ọkùnrin; kíláàsì wọn gbọ́dọ̀ dá wà, owó tí wọ́n sì máa san gbọ́dọ̀ ju ti ọkùnrin lọ. Wọ́n san án. Ìdánwò kẹ́mísìrì dé lọ́dún 1870, Edith Pechey, ọ̀kan nínú wọn, ló sì gba máàkì tó ga jù nínú gbogbo àwọn tó ń ṣe é fún ìgbà àkọ́kọ́. Sikọ́láṣípù wà fún ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń kọ́ wọn gbé e fún ọkùnrin tó tẹ̀ lé e, ó ní kíláàsì ọ̀tọ̀ ni Pechey wà. Ta ló ní kó lọ wà ní kíláàsì ọ̀tọ̀?

Ṣùgbọ́n máàkì Pechey hàn sí gbogbo ayé. Àwọn ìwé ìròyìn gbé e, àwọn tí kò tiẹ̀ fẹ́ràn kí obìnrin ṣe dókítà náà rí i pé wọ́n rẹ́ ẹ jẹ. Ìrẹ́jẹ tó wà lójú táyé ni, ó ṣeé bá jà.

Àwọn tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà kò sì gbà wẹ́rẹ́. Ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kọkànlá ọdún yẹn kan náà, bí àwọn obìnrin yìí ṣe ń lọ ṣe ìdánwò ní Surgeons' Hall, ilé àwọn oníṣẹ́ abẹ ní Edinburgh, ogunlọ́gọ̀ ọmọkùnrin dí ojú ọ̀nà, wọ́n ń ju ẹrẹ̀ lù wọ́n, wọ́n sì ti géètì mọ́ wọn lójú. Wọ́n ṣáà rá pálá wọlé. Ìdánwò ń lọ lọ́wọ́ ni àwọn ìpátá náà tún ti àgùntàn kan wọnú yàrá. Olùkọ́ tó wà níbẹ̀ ní kí wọ́n fi í sílẹ̀, pé ó gbọ́n ju àwọn tó tì í wọlé lọ. (Àwa náà rò bẹ́ẹ̀.) Lọ́dún 1873, ilé ẹjọ́ sọ pé yunifásítì ò tiẹ̀ yẹ kó gbà wọ́n rárá, kò sì pọn dandan kó fún wọn níwèé ẹ̀rí. Oṣù keje ọdún 2019 ni Edinburgh tó wá fi oyè dókítà dá àwọn méjèèje lọ́lá, nígbà tí gbogbo wọn ti kú tipẹ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òde òní ló bá wọn gbà á.

Yunifásítì yìí kan náà ni Agnes Yéwándé Savage ti jáde lọ́dún 1929, obìnrin àkọ́kọ́ láti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà tó di dókítà. Edinburgh ni wọ́n bí i sí, ará Scotland ni ìyá rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ni Dókítà Richard Akinwande Savage tí Èkó mọ̀ dáadáa. Ó gba ẹ̀bùn nílé ìwé, kò sẹ́ni tó lè ní kò mọ̀ ọ́n. Nígbà tó lọ ṣiṣẹ́ ìjọba ní Gold Coast, ilẹ̀ tó di Gáná lónìí, owó tí wọ́n ń san fún un kéré sí ti ọkùnrin òyìnbó tí kò kàwé tó o. Ó jẹ́ obìnrin, ó tún jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Ní Èkó tiwa, Elizabeth Abímbọ́lá Awóliyì gba Dublin lọ, ó jáde níbẹ̀ lọ́dún 1938, ó padà wálé, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọsibítù Massey Street, ó sì ń gòkè títí ó fi di ọ̀gá àgbà ibẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má wá fi àṣà bojú. Ta ló ń gbẹ̀bí fún àwọn ìyá ìyá wa? Ta ló ń ta ewé ọmọ lọ́jà, tó mọ èyí tí wọ́n ń sè àti èyí tí wọ́n ń gún? Bí ọkùnrin bá rí ejò tí obìnrin pa á, kí ejò ṣáà ti kú.

Ẹnu ọ̀nà kejì ló ń kọ wá lóminú jù. Dókítà tó bá fẹ́ rẹ́sídẹ́ńsì á kọ́kọ́ yege nínú ìdánwò, lẹ́yìn náà á wá lọ jókòó níwájú àwọn àgbà ọsibítù. Ẹ béèrè lọ́wọ́ obìnrin tó ti jókòó síbẹ̀ rí. Ṣé o ti lọ́kọ? Ọmọ mélòó lo ti bí? Ṣé kò sí oyún nílẹ̀ báyìí? Ọkùnrin tó jókòó lẹ́yìn rẹ̀, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n á bi í.

Àwọn ọ̀gá ọsibítù ní ẹjọ́ tiwọn, a ò ní fi dù wọ́n. Dókítà ò tó. Bí ẹnì kan bá gba ìsinmi ọmọ bíbí, àwọn tó kù lórí kọ́ọ̀lù, ìyẹn àwọn tó ń dúró de aláìsàn lóru, ló máa fi ojú oorun san án. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n dókítà ọkùnrin mélòó ló ti gba físà, tó já pa lọ sí Ìlú Ọba láàárín rẹ́sídẹ́ńsì, tí kò sì padà mọ́? Ẹni tó lọ bímọ á padà wá. A ò tíì gbọ́ kí wọ́n bi ọkùnrin níbẹ̀ pé níbo ni páásípọ́ọ̀tù rẹ̀ wà. Ojútùú àìtó dókítà ni kí ìjọba gba èèyàn sí i, kí wọ́n sì fi ipò ẹni tó lọ bímọ pamọ́ dè é.

Owó ló máa ń jẹ́ kí ilé ìwé gbọ́ràn. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, àwọn ilé ìwé ìṣègùn kan ní London ṣílẹ̀kùn fún obìnrin nítorí ọkùnrin ti lọ sójú ogun; ogun parí, ọ̀pọ̀ nínú wọn tún tì í padà ní nǹkan bí ọdún 1920 sí 1929. Lọ́dún 1944 ni ìgbìmọ̀ Goodenough, tí ìjọba ibẹ̀ gbé kalẹ̀ lórí ilé ìwé ìṣègùn, dámọ̀ràn pé ilé ìwé ìṣègùn tí kò bá gba obìnrin ní iye tó bójú mu kò gbọdọ̀ rí owó ìjọba gbà.

Lọ́dọ̀ tiwa, MDCN, ìgbìmọ̀ tó ń rí sí iṣẹ́ dókítà àti dókítà eyín ní Nàìjíríà, ló ń pinnu iye akẹ́kọ̀ọ́ tí ilé ìwé ìṣègùn kọ̀ọ̀kan lè gbà. Agbára tó tó wà lọ́wọ́ wọn. Kí wọ́n sọ fún àwọn yunifásítì pé kí ìwé máàkì àwọn tó wá àti àwọn tó wọlé, lọ́kùnrin lóbìnrin, wà níta kí ìgbàwọlé tó ń bọ̀ tó bẹ̀rẹ̀, láìsí orúkọ ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Kí mínísítà ètò ìlera pàṣẹ fún àwọn ọsibítù ìjọba àpapọ̀ pé ìbéèrè nípa ọkọ àti oyún kò sí nínú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò mọ́. Ilé ìwé tí kò bá gbé ìwé tirẹ̀ síta, kí MDCN dín iye akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kù títí yóò fi gbé e síta.