Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ supervisor dé etí ọmọ TP kí tablet tó gbé máàkì lọ

Èrò ọkàn mi rèé. Àwọn kan ń dábàá pé kí àwọn supervisor, ìyẹn àwọn olùkọ́ àgbà tó ń fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣe TP (teaching practice, ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́) ní máàkì, máa mú tablet dání lọ wò wọ́n. Mo fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé máàkì nìkan ló fẹ́ máa kó lọ sí ọ́fíìsì, owó rẹ̀ á wúlò jù tí a bá fi ra àga fún àwọn ọmọ tó ń jókòó mẹ́ta-mẹ́ta lórí bẹ́ǹṣì.

Ilé-ìwé gírámà ni mo ti ń kọ́ni nílẹ̀ Èkìtì wa yìí, ọdọọdún la sì ń gba àwọn ọmọ TP. Supervisor á dé, á jókòó sẹ́yìn kíláàsì, á kọ nǹkan sínú fọ́ọ̀mù, á yẹ lesson note wò, á buwọ́ lù ú, ó di ilé-ìwé tó kàn. Mi ò bá wọn wí. Ẹni tó gbéra l'Ádó, tó ń lọ Òmùò, tó gba Ìfàkì, Ọyẹ́ àti Ìkọ̀lé kọjá, tó sì láwọn ọmọ láti wò lójú ọ̀nà, ìgbà wo ló fẹ́ ráyè ṣàlàyé? Fọ́ọ̀mù wọ fáìlì, ó parí. "O gbìyànjú, máa ṣe é lọ" ni gbogbo ohun tí ọmọ náà gbọ́. Bẹ́ẹ̀ krédíìtì 6 ni TP nínú NCE, ìwé-ẹ̀rí iṣẹ́ olùkọ́, ẹni tí kò bá sì yege níbẹ̀ kò lè gba ìwé-ẹ̀rí.

Ẹ gbọ́ àpẹẹrẹ kan. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan ń kọ́ àwọn ọmọ JSS 1 wa ní ìdá nínú ìṣirò. Ó ya ọsàn sójú pátákó, ó pín in, ohùn rẹ̀ já gaara. Ó wá bèèrè èyí tó tóbi jù nínú ìdá kan nínú mẹ́rin àti ìdá kan nínú mẹ́jọ. Àwọn ọmọ pariwo pé, "One over eight!" Ó ní rárá, ó kọ ìdáhùn sójú pátákó, ó ń bá ẹ̀kọ́ lọ. Kò bi wọ́n léèrè ìdí tí wọ́n fi rò bẹ́ẹ̀. Nítorí pé 8 ju 4 lọ ni, ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ olùkọ́ sì wà! Fọ́ọ̀mù ò bi ẹnikẹ́ni nípa ìyẹn. Ìmúra, ohùn, ìkọ̀wé, ìkápá kíláàsì: máàkì ti pé.

Ká ní supervisor fi tablet ká fídíò ibi díẹ̀ nínú ẹ̀kọ́ yẹn, tí òun àti ọmọ náà jọ jókòó wò ó lẹ́yìn kíláàsì, ọmọ náà á fojú ara rẹ̀ rí i. Mo lè sọ ọ́ fún un títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò lè tó kó rí i fúnra rẹ̀.

Wọ́n ti ṣe irú rẹ̀ níbòmíràn rí. Ní Kenya, ètò ìwé kíkà Tusome, tó bẹ̀rẹ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè náà ní 2015, fún àwọn tó ń bẹ tíṣà wò ní tablet. Tablet máa ń fi hàn nígbà náà pé wọ́n dé kíláàsì lóòótọ́, owó ọkọ̀ wọn sì dúró lórí ìyẹn. Èyí tó wù mí jù níbẹ̀ ni pé wọ́n á gbọ́ bí àwọn ọmọ kan ṣe ń kàwé, wọ́n á sì gba tíṣà nímọ̀ràn. Ní Edo, ní 2018, EdoBEST, ètò ìjọba ìpínlẹ̀ náà fún àtúnṣe ẹ̀kọ́, bẹ̀rẹ̀ sí í fi tablet sọ́wọ́ àwọn tíṣà fúnra wọn, ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ ló sì wà nínú rẹ̀. Mi ò fẹ́ ìyẹn fún ọmọ TP. Ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ gbọ́dọ̀ máa kọ lesson note tirẹ̀.

Fọ́ọ̀mù orí tablet tiwa gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ láìsí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kó fi èsì ránṣẹ́ tí supervisor bá padà dé Adó. Fídíò ńkọ́? Ojú ọmọ ọlọ́mọ ló wà níbẹ̀. Ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ ọ̀gá ilé-ìwé àti òbí, ẹ má sì jẹ́ kó dé orí WhatsApp láé.

Ẹ̀yin ọ̀gá wa tó ń ṣètò TP, mo bẹ̀ yín, ẹ ṣe é kí fọ́ọ̀mù orí tablet má lè lọ sí ọ́fíìsì àfi tí ọmọ náà bá ti ka ohun tí ẹ kọ nípa rẹ̀, tó sì ti fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ohun tó máa yí padà nínú ẹ̀kọ́ ọ̀la sísàlẹ̀ rẹ̀. Kí àyè sì wà níbẹ̀ fún àwa tíṣà tí a jọ wà lójoojúmọ́, ká lè kọ bóyá ó yí i padà.